Ogún Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Àwọn Ìwé Àtijọ́ Tí Ó Ti Di Ti Gbogbo Ènìyàn

Ẹni tí ó bá jókòó sí ilé rẹ̀ ní GRA, níhìn-ín ní Ìlọrin Àfọ̀njá tí ẹnu dùn ju iyọ̀ lọ, bí iná bá wà, bí dátà kò bá sì tíì tán lórí fóònù rẹ̀, lè ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kí ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, ẹni tí a mú lẹ́rú ní kékeré tí ó sì dàgbà di bíṣọ́ọ̀bù, gbé jáde ní 1843. Ó sì lè ṣí ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1858. Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí yóò fi ojú kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní láti di ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé ńlá kan ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì bẹ olùtọ́jú ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn fún un.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà lóréfèé, a ó ní ogún ti délé, kí a jókòó kí a máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìwé tí ó bọ́ lọ́wọ́ òfin lè má ṣeé rí, èyí tí ó ṣeé rí lè má ṣeé kà, èyí tí ó sì ṣeé kà lónìí lè má sí níbẹ̀ ní ọ̀la. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò dáadáa, ni pé òfin ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwa tí a ni èdè náà, kò sì sí àjèjì tí yóò bá wa ṣe é.

Òfin ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Láti 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì na òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tiwọn ti 1911 dé ilẹ̀ yìí, ni a ti ń sọ ọ́ lábẹ́ òfin pé ẹni tí ó bá kọ ìwé ni ó ni ín, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀, àti pé ẹ̀tọ́ yìí ní ọjọ́ tí yóò dópin. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí ó wà lóde báyìí, ìyẹn òfin 2022 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ẹ̀tọ́ náà ń bá òǹkọ̀wé lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Nígbà tí àádọ́rin ọdún bá pé, ìwé náà di ti gbogbo ènìyàn: ẹni tí ó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí ó tà á, kí ó kà á sórí rédíò, kí ó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn kì í béèrè ọjọ́ ikú òǹkọ̀wé bí ọ̀rọ̀ bá kan irú ìwé àtijọ́ wọ̀nyí. Ọdún tí a kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde ni wọ́n ń kà, wọn a sì ka márùndínlọ́gọ́rùn-ún ọdún láti ibẹ̀. Ibi tí òfin méjèèjì yìí ti pàdé ni ohun ìyanu ti bẹ̀rẹ̀. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó jọba ní Ìbàdàn ní 1955, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ó sì wàjà ní 1964. Ní Amẹ́ríkà ìwé náà ti di ti gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Ìbàdàn gan-an, níbi tí a bí ìtàn náà sí, ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2035 kí ẹnikẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀. Àjèjì lè sọ ìtàn ilé ẹni di tirẹ̀ kí onílé tó jí!

Ti Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà tún fi ara jọ ọ́. Ọlọ́jọ́ dé bá a ní oṣù kejìlá 1963, nítorí náà ọdún 2034 ni gbogbo ìwé rẹ̀ yóò di òmìnira ní Nàìjíríà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938, yóò di òmìnira ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé márùndínlọ́gọ́rùn-ún ọdún tirẹ̀ pé ní òpin 2033. Ṣùgbọ́n Àdììtú Olódùmarè ti 1961 yóò dúró títí di 2057 lọ́dọ̀ wọn. Ní Kánádà ẹ̀wẹ̀, níbi tí òfin ti ń ka àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú títí di òpin 2022 kí wọ́n tó sọ ọ́ di àádọ́rin, àwọn ìwé Fágúnwà ti bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014, nítorí pé òfin tuntun wọn kò padà sẹ́yìn láti mú ohun tí ó ti jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé ohun tí ó tọ́ ní Toronto tọ́ ní Tankẹ́ ní Ìlọrin yìí. Ibi tí ènìyàn bá wà ni òfin rẹ̀ ti ń mú un. Kí ó má sì ṣe gbàgbé pé ìtumọ̀ ìwé ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: èyí tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 kì í tẹ̀lé Fágúnwà jáde.

Ó sì wà lára àwọn ìwé èdè wa èyí tí kò ní ìdè kankan mọ́. Dẹ́nrelé Adétìmíkàn Ọbasá, ará Ìbàdàn, olóòtú ìwé ìròyìn The Yoruba News, ẹni tí ó kó ewì Yorùbá jọ nígbà tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láti fi gba ìyìn, tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, ó sì kú ní 1945. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2016 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti wa. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere tí kò kẹ̀yìn sí ọgbọ́n àwọn baba, tí ó kọ ìwé lórí Ifá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, kú ní 1926. A. L. Hethersett, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin tí ìjọ C.M.S. tẹ̀ ní 1911, ti kú láti 1896. Kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò pe ẹni tí ó bá gbé àwọn wọ̀nyí sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí n fi kún un pé òfin wa tún ń dáàbò bo àṣà àtẹnudẹ́nu tí kò ní òǹkọ̀wé kan pàtó, nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi í ṣòwò. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀, ó tó ìwé tirẹ̀.

Níbo ni ìwé wọ̀nyí wà? Àgbà nínú gbogbo ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ ni Project Gutenberg, èyí tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní 1971, nígbà tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ó tóbi tó yàrá, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà sínú rẹ̀. Ìwé tí ó wà níbẹ̀ ti ju ẹgbàá márùndínlógójì (70,000) lọ, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù. Brewster Kahle dá Internet Archive sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996. Google bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ìwé inú àwọn ilé ìkàwé ńláńlá ní 2004. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì parapọ̀ kọ́ HathiTrust ní 2008 láti tọ́jú àwòrán wọ̀nyẹn. Àwọn ará Faransé ní Gallica tiwọn láti 1997. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ Yorùbá ní ìhà Kétu àti Pọ̀tọ̀nóvò, bí irú ìwé tí Àlùfáà Pierre Bouche kọ ní 1885 nípa etíkun wa àti Dàhòmì, ibẹ̀ ni kí ó yà sí, kí ó sì máa fi «Nago» wá a, nítorí pé orúkọ tí àwọn Faransé ń pè wá nìyẹn.

Nínú gbogbo ilé wọ̀nyí, HathiTrust ni ó máa ń mú inú bí mi jù. Nítorí ìyàtọ̀ òfin tí mo ti sọ, wọn a ṣí ojú ewé ìwé fún ẹni tí ó wà ní Chicago, wọn a sì ti ìwé kan náà mọ́ ẹni tí ó wà ní Ìlọrin lójú, bí ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ ti òǹkọ̀wé tí ó ti kú láti ọgọ́rin ọdún tí òfin Nàìjíríà ti dá sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ wọn kò mọ ọjọ́ ikú Ọbasá, ọdún ìtẹ̀jáde nìkan ni ó mọ̀, nígbà tí kò sì dá a lójú, ìlẹ̀kùn ni ó ń tì. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i, ẹnìkan níhìn-ín ni yóò jókòó kọ ìwé sí wọn, tí yóò fi ọdún ikú àwọn òǹkọ̀wé wa hàn wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọdún ikú àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ yìí, mélòó nínú àwọn ilé ìkàwé wa ni ó ní in?

Wíwá ìwé rí ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó kọ̀wé nípa wa kò mọ̀ wá lórúkọ kan. Ìlọrin tí a wà yìí ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ pè ní «Alorie» nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1832. Àwọn mìíràn kọ ọ́ ní «Illorin», pẹ̀lú «l» méjì. Bowen dé ìlú yìí ní 1855, ó sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1857. Robert Campbell, ọmọ Jamáíkà tí ó bá Martin Delany wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, dé ìhín pẹ̀lú, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé rẹ̀ ti 1861. Gerhard Rohlfs, ará Jámánì, gba ibí kọjá ní 1867 nígbà tí ó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ ìwé àpèjúwe ẹkùn Ìlọrin, ti Elphinstone ní 1921, ti Hermon-Hodge ní 1929. Ẹni tí ó bá tẹ «Ìlọrin» pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kò ní rí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá tẹ «aye» kò ní rí ìwé tí ó kọ «aiye», ẹni tí ó bá tẹ «eniyan» yóò kọjá «enia» lára. Bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́ ni kí a fi máa wá a.

Èyí mú wa dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Àwòrán ojú ewé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí mo dárúkọ jẹ́ àwòrán: ẹ̀rọ ya ojú ewé náà bí ayàwòrán ṣe ń ya ìyàwó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn gbìyànjú láti ka lẹ́tà inú àwòrán náà, kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a lè wá, tí a lè sọ di ńlá tàbí kékeré, tí afọ́jú lè fi ẹ̀rọ gbọ́. Iṣẹ́ yìí dára dé àyè kan bí ìwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá kan Yorùbá, àmì tí ó wà lábẹ́ «ẹ» àti «ọ» a di ìdọ̀tí lójú rẹ̀, àmì orí a fò lọ, «ṣ» a di «s», gbólóhùn tí Líjàdù fi ọgbọ́n hun a sì di ìdàrúdàpọ̀ tí bàbá tí ó kọ ọ́ kò ní dá mọ̀ bí ó bá jí dìde. Bí a bá sì to orúkọ ìwé wọ̀nyí lé ara wọn lójú fóònù, gbogbo alángbá ni ó d'anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: èyí tí ojú ewé márùn-ún ti sọnù nínú rẹ̀ àti èyí tí ó pé, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ.

Ìṣòro náà kò dúró níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn oníwàásù ti ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, títí dé àtúnṣe tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ọ̀nà ìkọ̀wé wa ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sì dé, àwọn tí ó ṣètò lẹ́tà fún gbogbo ayé fún «ẹ» ní àyè kan, wọ́n fún «é» ní àyè kan, ṣùgbọ́n «ẹ́» wa kò ní àyè tirẹ̀: ńṣe ni a ń to àmì lé e lórí. Nítorí náà ẹni méjì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ó bá ojú mu bákan náà, kí ẹ̀rọ sì kà á sí ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tí ó ń wá ọ̀kan kò sì ní rí èkejì. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí tí ó fara sin bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ tuntun. Ó wà nínú ohun tí ẹgbẹ́ Distributed Proofreaders, tí Charles Franks dá sílẹ̀ ní 2000, ti ń ṣe fún Project Gutenberg: wọ́n ń pín ìwé kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹni kan a fi àwòrán wé ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn a tún un yẹ̀ wò, títí yóò fi mọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí ni ó dé tí ilé ẹ̀kọ́ girama kan kò lè fi àádọ́ta ojú ewé Ọbasá ṣe iṣẹ́ àmúrelé Yorùbá fún sáà kan? Kí ni ó dé tí àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Tankẹ́, tí ọwọ́ wọn yá lórí kọ̀ǹpútà ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, kò lè máa gba owó díẹ̀ láti fi tẹ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní Yunifásítì Ìlọrin yóò yẹ̀ wò? Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ fúyẹ́ lórí dátà, nígbà tí àwòrán ìwé bí ti Johnson, tí ojú ewé rẹ̀ ju ẹgbẹ̀ta lọ, lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán kí ó tó wọlé.

Ìlọrin tilẹ̀ ní ẹrù tí ìlú mìíràn kò ní. Kí a tó gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níhìn-ín ni àwọn àfáà wa ti ń fi gègé àti tàdáwà kọ èdè Lárúbáwá, wọ́n sì ń fi lẹ́tà rẹ̀ kọ Yorùbá pẹ̀lú. Ìtàn àwọn Ẹ́míà Ìlọrin tí Ahmad ọmọ Abu Bakr kọ ní 1912 di ohun tí ayé mọ̀ nígbà tí B. G. Martin gbé e jáde ní 1965 láti ilé iṣẹ́ àkójọ ìwé Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ìwé àfáà tí ó ti kú láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n awọ àti bébà náà jẹ́ ti ẹbí, èmi kò sì fara mọ́ àwọn tí wọ́n rò pé nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ti di ti gbogbo ayé, a lè fi ipá wọ yàrá ènìyàn lọ yà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a ya ẹ̀dà fún ẹbí kí a tó ya ti ilé ìkàwé; kí orúkọ ẹbí wà lára rẹ̀ títí ayé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ní oṣù kẹwàá 2023 àwọn ọ̀daràn orí ẹ̀rọ kọlu British Library, èyí tí ètò rẹ̀ fún àwọn àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ewu ti ń ya ìwé láti ilẹ̀ Áfíríkà láti 2004, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò lè wo àwòrán wọ̀nyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2024 ó kan Internet Archive. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àwọn baba wa ti jẹ irú ìyà yìí rí: ní 1897 ni Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ ọ́ nù, ó kú ní 1901 láìrí i, àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà, tún un kọ láti inú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, ìwé náà sì bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọbadáyà náà ti kú ní 1920 kí ó tó jáde. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ilé kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí àpótí bàbá yín ṣì wà lókè àjà: kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ fi ìwé inú rẹ̀ pọ́n ẹ̀pà tà, ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ wo orúkọ òǹkọ̀wé, ilé ìtẹ̀wé àti ọdún. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, èèpo àti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fún ilé ìkàwé kan ní ẹ̀dà, kí ẹ fún èkejì ní ẹ̀dà, kí ẹ sì pa ọ̀kan mọ́. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ títẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé Ọbasá ti 1927, nítorí pé kò sí ẹni tí ẹ ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.